Fish Finder Tuntun Kọ́ Ló Kàn: Ọ̀rọ̀ Mi Lórí Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tí Àwọn Ọmọ Wa Rà

  

N kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ gígùn síbí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọjà mi ni mo gbájú mọ́. Ṣùgbọ́n láti Sọ́ńdè tí àwọn ọmọ wa ti gbé fọ́tò ọkọ̀ fàíbà tòkunbọ̀ tí wọ́n dáwó rà sórí pèèjì yìí, tí wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá àwọn ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ kí àwọn fi pààrọ̀ fish finder méjèèjì tó bá ọkọ̀ náà wá, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí wọ́n yá wọn kíá. Nígbà tí bàbá kan ní kí wọ́n rọra ṣe é, ọmọkùnrin kan dá a lóhùn pé àwọn àgbà wa ò mọ̀ pé ayé ti lọ síwájú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fọwọ́ sí owó náà. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí. Ọmọ Ìgbókòdá ni mí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n ò lọ yunifásítì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta ẹnjìnì ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀ àti páàtì rẹ̀ ní Port Harcourt níbí. Fish finder wà lára ọjà mi. Tuntun wà, tòkunbọ̀ náà wà. Tí ẹgbẹ́ bá yá wọn lówó yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi gan-an ni wọ́n á ti wá rà á, èrè á sì wọ àpò mi. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ìlara ni mò ń ṣe. Èmi tí mò ń tà á ni mò ń sọ pé kí wọ́n má tíì rà á.

Ohun tí mò ń sọ ò le. Ẹ má pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ ò tíì yẹ̀ wò. Ẹ má sì fi owó tó yẹ kó dáàbò bo ẹ̀mí èèyàn ra ohun tí ẹ máa kàn máa wò bíi tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí ná. Fish finder ò ní ojú bíi kámẹ́rà. Ohùn ló ń lò. Nǹkan kékeré kan wà ní ìdí ọkọ̀ tó wọ inú omi, transducer ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ni mo máa ń pè é fún àwọn oníbàárà mi. Òun ló ń ta ohùn lọ sísàlẹ̀. Ohùn yẹn á lọ kan ilẹ̀ tàbí kó kan ẹja, á sì padà wá, bí ìgbà téèyàn pariwo níbi òkè tí òkè sì dá a lóhùn. Nínú omi òkun, ohùn ń sáré tó nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí omi bá jìn ní mítà 15, àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ ò ju ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ̀rọ á fi àkókò yẹn ṣírò bí ilẹ̀ ṣe jìn tó, á wá yà á síta fún yín. Láti 1948 tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Furuno ní Japan ti gbé èyí tó wúlò fún àwọn apẹja jáde, ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ò yí padà. Èyí tuntun ń ya àwòrán tó mọ́ jù, ó láwọ̀, oòrùn ò sì ń pa á lójú. N ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí etí bá ti di, kò sí ojú tuntun tó máa ríran.

Wàyí o, kí ni àwọn ọmọ wa sọ pé ó ń ṣe àwọn fish finder wọn? Wọ́n ní ọ̀kan ń ka omi dáadáa tí ọkọ̀ bá dúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń sáré, nọ́ńbà á máa fò sókè sódò. Wọ́n ní èkejì máa ń kú, á tún jí, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ sítáàtì ẹnjìnì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé àìsàn ẹ̀rọ àtijọ́ nìyí? Èyí tó ń ka omi tí ọkọ̀ bá dúró kò bàjẹ́. Ìfófò omi ló ń gba abẹ́ etí ẹ̀ kọjá, torí ibi tí wọ́n kàn án mọ́ ò dáa: bóyá ó sún mọ́ ẹnjìnì jù, bóyá ó ti yẹ̀ sókè. Ohùn ò lè gba inú ìfófò kọjá dáadáa. Èyí tó ń kú nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì, bátìrì tó ti rẹ̀ tàbí wáyà tó ti jẹrà ló ń bá jà. Tí ẹ bá ra tuntun tí ẹ kàn án mọ́ ibì kan náà, tí ẹ so ó mọ́ wáyà kan náà, ohun tó ń ṣe ti àtijọ́ ló máa ṣe tuntun. Ẹ ó wá rò pé ayédèrú ni mo tà fún yín.

Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé ó ti bàjẹ́, kò bàjẹ́. Ìkarahun kéékèèké ló lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀, tàbí ẹni tó kun ìdí ọkọ̀ ló fi ọ̀dà kùn ún mọ́ ọn. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí, ọ̀fẹ́ ni mo sì fi ń kọ́ yín:

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ nu etí náà. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má fi tínà fọ̀ ọ́.

Ẹ yọ ẹnu wáyà, kí ẹ wò ó bóyá iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ di àwọ̀ ewé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ nù ún mọ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ fa wáyà tuntun láti orí bátìrì tààrà wá sí ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ fi fúùsì tirẹ̀ sí i. Ẹ má so ó pọ̀ mọ́ iná àti páǹpù.

Ẹ so òjé mọ́ okùn, kí ẹ fi kókó sàmì sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí omi ti pa rọ́rọ́, kí ẹ wò ó bóyá okùn àti ẹ̀rọ bára mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọkọ̀ jáde, kí ẹ rọra máa fi iná kún un. Tí nọ́ńbà bá tún sọnù, ẹ sún etí náà kúrò níbi tí ìfófò wà, kí ojú rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ díẹ̀.

Owó gbogbo èyí ò tó owó àpò ìrẹsì kan. Ọjọ́ méjì ni. Ṣé ọjọ́ méjì wá pọ̀ jù kéèyàn tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù méjì àbọ̀?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ti ń pẹja. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ọkọ̀ tó ń lọ sí àárín agbami. Etí òkun Bayelsa níbí ni, níbi tí omi ò jìn, tó pọ́n, tó kún fún ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá. Ohùn tí etí ẹ̀rọ ń ta jáde rí bí àrọ tí a dojú ẹ̀ dé: ó fún lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, tí omi bá jìn ní mítà 10, ibi tó ń rí nísàlẹ̀ ò ju mítà mẹ́ta àbọ̀ ní fífẹ̀ lọ. Mítà mẹ́ta àbọ̀! Àwọ̀n yín nìkan gùn ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ìyẹn lọ. Ẹja tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀ yín gan-an ló máa fi hàn. Kí ẹ tó yí ọkọ̀ padà, kí ẹ tó sọ àwọ̀n, ẹja ọ̀hún ti bá tiẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tún ni pé àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹja ló ń dá ohùn padà jù. Ọ̀bọ̀kún ní in, apọ̀ ní in. Edé ò ní, ó sì ṣòro kí irú ẹ̀rọ yìí fi edé hàn yín. Ẹ ṣàánú mi, kí ni àwọn ìyá wa ń yan ní ibùdó? Ṣé kì í ṣe edé ló pọ̀ jù? Àwòrán ẹja kéékèèké tó máa ń jáde lójú ẹ̀rọ, tí àwọn ọmọ wa fi ń dárayá, ẹ̀rọ kàn ń méfò ni. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ń léfòó lábẹ́ omi lè di ẹja lójú ẹ̀. Ẹ̀ka igi lè di ẹja. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń pa àwòrán ẹja yẹn ni, á máa wo ìlà gidi tí ohùn ń yà.

Ohun tí fish finder ń ṣe fún wa gan-an ni pé ó ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Ní ẹnu odò, níbi tí odò ti ń wọ òkun, òkìtì iyanrìn abẹ́ omi máa ń ṣí kúrò níbi tí a bá a lọ́dún tó kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti ń gba èèyàn là. Iṣẹ́ yẹn, ti àtijọ́ lè ṣe é bó ti yẹ. Kò pọn dandan kó láwọ̀ kéèyàn tó mọ̀ pé mítà kan àbọ̀ ló kù.

Àwọn kan ń sọ pé ẹja ti wọ́n, pé ẹ̀rọ tó dáa ló máa bá wa wá a. Ẹja wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bí ẹja. Òfin Nàìjíríà ní kí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n má pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etí ilẹ̀. Gbogbo wa la máa ń rí iná wọn lóru nínú ibẹ̀. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé lé lórí, kì í ṣe ká máa fi owó ara wa ra ohun tó máa fi hàn wá pé ẹja ti tán.

Ẹ tún rántí pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni. Ẹnu wáyà tuntun kì í sábà bá etí àtijọ́ mu, torí náà ẹ máa pààrọ̀ etí náà pẹ̀lú. Ẹ máa lu ihò tuntun sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹnjìnì rọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fàíbà, pákó ló wà nínú ibẹ̀. Ihò tí wọn ò dí dáadáa á máa fa omi sínú pákó, pákó á jẹrà, ẹ ò ní rí i látìta. Lọ́jọ́ kan tí ìgbì bá le, ẹnjìnì á ká ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Àtàwọn olè orí omi ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ pé ẹnjìnì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú, tí wọ́n á wá kó gbogbo ohun tó ń dán tẹ̀ lé e? Ojú ẹ̀rọ tó tóbi, tó ń tàn yanran lóru, ó ń pè wọ́n ni.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, yàtọ̀ sí ìyàwó mi.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àsìkò ọyẹ́. Oníbàárà mi kan wá láti ibùdó. A jọ ti ìlú kan wá, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Ó kó owó wá láti ra life jacket mẹ́rin àti ẹnjìnì kékeré tó máa wà nínú ọkọ̀ bí ẹnjìnì ńlá bá kú. Ó wá rí fish finder tuntun tí mo tan sórí káńtà. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí dáa ju tèmi lọ?" Mo mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀, èmi ni mo tún un ṣe fún un. Mo mọ̀ pé kò bàjẹ́. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ ò tó o ra méjèèjì. Ẹnu mi sọ pé, "Ó dáa jù lọ." Mo tà á fún un. Ó ní òun á padà wá ra life jacket tí ọjà bá ti ṣẹ́.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹnjìnì ọkọ̀ náà kú lójú omi. Ọyẹ́ bo ojú ayé, wọn ò rí etí ilẹ̀. Omi ń gbé wọn lọ. Bátìrì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo alẹ́ àkọ́kọ́, fish finder tuntun náà sì ń tàn, ó ń sọ fún wọn bí omi ṣe ń jìn sí i. Mítà 20. Mítà 25. Mítà 30. Lọ́jọ́ kejì, ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Àwọn mẹ́ta di jẹ́ríkáànù mú títí tí ọkọ̀ mìíràn fi rí wọn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó wà pẹ̀lú wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò padà wálé. A ò rí òkú ẹ̀ sin.

Mo lọ kí ìyá ẹ̀. Obìnrin náà gbé omi fún mi mu, ó dúpẹ́ pé mo wá. N ò lè wo ojú ẹ̀. Èrè tí mo jẹ lórí ẹ̀rọ yẹn, mo ti ná an tán kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí mo máa ta fish finder fún tí n ò ní kọ́kọ́ bi í pé, "Life jacket mélòó ló wà nínú ọkọ̀ ẹ?"

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn. Mo wo fọ́tò tí àwọn ọmọ wa gbé síbí dáadáa. Èèyàn mẹ́fà ló dúró nínú ọkọ̀ náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnjìnì ẹyọ kan. N ò rí life jacket kankan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní èyí tuntun ní GPS nínú, pé á máa fọ̀nà ilé hàn wọ́n nínú ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ó sì dáa ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹja lọ. Ṣùgbọ́n GPS tó wà nínú ẹ̀rọ ọkọ̀, tí bátìrì ọkọ̀ bá kú, òun náà kú nìyẹn. GPS ọlọ́wọ́ kékeré tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì, owó ẹ̀ kéré gan-an sí i, ẹ lè gbé e sínú àpò tí ẹ bá tiẹ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Fóònù yín pàápàá, GPS inú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, tí ẹ bá ti fi máàpù sí i kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, kí ẹ sì ra kọ́ńpáàsì tì í.

N ò sọ pé kéèyàn má ra tuntun láéláé o. Tí ẹ bá ti yẹ ti àtijọ́ wò bí mo ṣe sọ, tí ojú ẹ̀ ti fọ́, tí etí ẹ̀ ti là, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ wá ẹja nínú àpáta níbi tó jìn, tuntun máa wúlò fún un ju fún ẹni tó ń sọ àwọ̀n ní etí ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni kí ẹ rà, kì í ṣe méjì. Kí ẹ rà á tòun ti etí ẹ̀. Kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ti ní life jacket lọ́rùn.

Torí náà, ẹ̀yin alága àti ìgbìmọ̀ alájẹṣẹ́kù, àbá mi fún Sátidé nìyí. Ẹ yá àwọn ọmọ wa lówó. Ọmọ wa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ má lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ yá wọn fún life jacket mẹ́fà, ẹnjìnì kékeré, GPS ọlọ́wọ́ kan, bátìrì tuntun, àti kúlà yìnyín tó dáa kí ẹja tí wọ́n bá pa má bàjẹ́ kó tó dọ́jà. Kúlà yẹn ló máa san gbèsè yín, kì í ṣe fish finder. Ẹja tó jẹrà lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ wo ló máa bá yín rí i padà?

Ní ti fish finder méjèèjì, kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá sí etí omi ní Frídè. Èmi fúnra mi máa wá pẹ̀lú okùn, òjé àti wáyà mi. N ò ní gba kọ́bọ̀. Tí mo bá yẹ̀ wọ́n wò tí wọ́n ti kú lóòótọ́, èmi náà máa dìde ní ìpàdé sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tó sọ pé àwọn àgbà ò mọ̀ pé ayé ti lọ síwájú, n ò bínú sí ẹ, ọmọ mi. Ayé ti lọ síwájú lóòótọ́. Mo kàn fẹ́ kí ìwọ náà bá a lọ, kí o sì padà wálé ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ní ọkọ̀ ní ibùdó. Ó dìgbà ìpàdé. Omi ò ní gbé wa lọ o.